Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Ń San Ìṣákọ́lẹ̀

 

Lónìí, a fẹ́ ka ìtàn ilẹ̀ kan tó jìnnà sí wa. Orúkọ ilẹ̀ náà ni Áyálándì. Erékùṣù ni, òkun yí i ká. Ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn àwọn àgbẹ̀ kékeré ni. Oko wọn kò tóbi, ẹran ọ̀sìn wọn kò sì pọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láti ọdún 1845 yẹ kí gbogbo ẹni tó ní oko àti ẹran nílé mọ̀. Àwọn àgbà ní, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ìgbà ìwọ́wé

Lọ́dọ̀ wa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni a fi ń ka ọdún. Lọ́dọ̀ wọn, ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún kan. Ìgbà kan wà tí ewé máa ń rú. Ìgbà kan wà tí oòrùn máa ń mú. Lẹ́yìn náà ni ìgbà ìwọ́wé, tí ewé igi máa ń pọ́n, tí á sì máa já bọ́. Ìgbà òtútù ló kẹ́yìn.

Ìgbà ìwọ́wé máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ní àkókò yìí, ọwọ́ gbogbo ará ilé máa ń dí. Òtútù ń bọ̀, koríko kò ní hù dáadáa mọ́, oko kò sì ní mú nǹkan jáde títí di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí ènìyàn àti ẹran yóò jẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé àgbẹ̀ kékeré kan ní Áyálándì kí ọdún 1845 tó dé. Amọ̀ tàbí òkúta ni ògiri rẹ̀. Koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, yàrá kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ń gbé ibẹ̀. Adìyẹ wà níta. Ẹni tó bá rí ọwọ́ họrí ní màlúù kan fún wàrà. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tálákà, ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni ẹlẹ́dẹ̀ náà ń gbé. Nígbà mìíràn, inú ilé gan-an ló ń sùn.

Ohun tí wọ́n ń gbìn ni ọ̀dùnkún òyìnbó. Kì í ṣe ọ̀dùnkún dídùn tí a mọ̀ sí kúkúndùnkún. Èyí tí àwọn Faransé ń pè ní pomme de terre ni, tí ẹ máa ń rí lọ́jà Kutọnu, tí wọ́n ń dín nínú òróró. Ebè gígùn ni wọ́n ń kọ fún un. Ajílẹ̀ ni wọ́n ń kó sí i. Àwọn tó wà létí òkun máa ń kó ewéko inú òkun sí i pẹ̀lú.

Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ọ̀dùnkún ọdún tó kọjá ti tán nílé. Ẹ̀yin náà mọ irú àkókò bẹ́ẹ̀, nígbà tí iṣu àtijọ́ ti tán, tí iṣu tuntun kò sì tíì tó wà. Nítorí náà, nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa tuntun, ayọ̀ ńlá ni.

Bàbá á máa wú ebè. Ìyá àti àwọn ọmọ á máa ṣa ọ̀dùnkún. Wọn á yà á sọ́tọ̀ lọ́nà mẹ́ta: èyí tí ará ilé yóò jẹ, èyí tí wọn yóò tún gbìn, àti wẹ́wẹ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ yóò jẹ. Wọn á gbẹ́ kòtò, wọn á tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, wọn á kó ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, wọn á sì fi erùpẹ̀ bò ó. Ibẹ̀ ni àká wọn. Àwọn ọmọ á tún máa ru ohun ìdáná wálé. Kì í ṣe igi. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sì ti sá gbẹ.

Bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀

Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í ṣe tiwọn. Ọwọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá ló wà. Láti ọdún 1801 ni wọ́n ti ń ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìjọba Áyálándì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí, ọmọ àwọn tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gba ilẹ̀ náà ni wọ́n. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ gbé Áyálándì. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń san án, ní oṣù karùn-ún àti ní oṣù kọkànlá. Ẹni tí kò bá rí i san, wọ́n lè lé e jáde.

Níbo ni owó náà yóò ti wá? Ọ̀dùnkún, jíjẹ ni. Àgbàlagbà ọkùnrin kan lè jẹ tó kílò 5 lóòjọ́, nítorí kò sí oúnjẹ mìíràn tó pọ̀ nílé. Ẹlẹ́dẹ̀ ni owó. Wọn á ra ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Wọn á fún un ní ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ àti èèpo. Nígbà tó bá sanra, wọn á tà á, wọn á fi san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa ẹlẹ́dẹ̀ pé òun ni ọ̀gbẹ́ni tí ń san owó ilé.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe so kọ́ra. Ọ̀dùnkún ń bọ́ ènìyàn. Ọ̀dùnkún ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ ń mú ọ̀dùnkún jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n lé wọn kúrò lórí ilẹ̀. Ètò tó dára ni. Kò sí ohun tó ń ṣòfò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Bí ọ̀dùnkún bá kú, kí ni yóò kù?

Nínú gbogbo ará Áyálándì, tí wọ́n lé ní 8,000,000 ní 1841, nǹkan bí 3,000,000 ló gbójú lé ọ̀dùnkún nìkan fún oúnjẹ wọn.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1845

Ní ìparí oṣù kẹjọ àti ní oṣù kẹsàn-án 1845, àwọn ènìyàn rí ohun tí wọn kò rí rí. Ewé ọ̀dùnkún bẹ̀rẹ̀ sí dúdú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, oko tó tutù yọ̀yọ̀ á dúdú pátá. Òórùn burúkú á máa jáde láti inú rẹ̀. Bí wọ́n bá wa ebè, ọ̀dùnkún tó wà nísàlẹ̀ ti ń rà. Àwọn mìíràn wa tiwọn nígbà tó ṣì dára, wọ́n kó o sínú kòtò. Nígbà tí wọ́n ṣí kòtò náà, omi rírà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Lónìí, a mọ ohun tó fà á. Ohun alààyè kan ni, tí ojú lásán kò lè rí. Afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń gbé e kiri. Ó fẹ́ràn ojú ọjọ́ tó tutù, tó sì lọ́rinrin. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wọ ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń jiyàn. Ní 1846, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Miles Berkeley, sọ pé ohun alààyè kékeré náà ló ń pa ọ̀dùnkún. Ọ̀pọ̀ kò gbà fún un. Wọ́n ní òjò àpọ̀jù ni. Nígbà tó di 1861, Anton de Bary ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn kedere pé òótọ́ ni. Oògùn tí a ń fín sí ewé, tí wọ́n fi bàbà àti ẹfun ṣe, kò jáde ní ilẹ̀ Faransé títí di 1885. Ó ti pẹ́ jù fún àwọn ará Áyálándì.

Kí ló dé tí àrùn náà fi pa oko gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà? Ìdí kan ni irúgbìn wọn. Irú ọ̀dùnkún kan, tí wọ́n ń pè ní Lumper, ni àwọn tálákà ń gbìn jù, nítorí ó ń ta dáadáa lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. A kì í gbin kóró ọ̀dùnkún. Ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ ni a ń gé gbìn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gé igi gbágùúdá àti èbù iṣu. Nítorí náà, gbogbo rẹ̀ dà bí ọmọ ìyá kan náà. Àrùn tó bá lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn.

Ọdún kìíní, ọdún kejì, ọdún kẹta

Ní 1845, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀dùnkún tó bàjẹ́. Ó burú, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ní nǹkan díẹ̀. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ẹran, wọ́n ń retí ọdún tó ń bọ̀. Ní 1846, àrùn náà tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ́ku nǹkan kan.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ hàn. Ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ, ènìyàn kò tilẹ̀ rí i jẹ. Wọ́n tà á tàbí wọ́n pa á. Ní 1841, ẹlẹ́dẹ̀ tó wà ní Áyálándì lé ní 1,400,000. Ní 1847, ó ti dín sí nǹkan bí 620,000. Nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ lọ, owó ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ajílẹ̀ náà lọ.

Ní 1847, àrùn náà kò pọ̀. Ọ̀dùnkún tó hù dára. Ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀. Nítorí kí ni? Nítorí pé ebi ti mú kí wọ́n jẹ irúgbìn. Ẹ má bá wọn wí. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní 1848, àrùn náà tún dé.

Àgbàdo tí wọn kò mọ̀ ọ́n sè

Ní ìparí 1845, olórí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Peel, ra àgbàdo láti Amẹ́ríkà fún àwọn ará Áyálándì. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kò mọ àgbàdo. Àgbàdo tó gbẹ koránkorán ni. Ọlọ tí wọ́n ní kò lè lọ̀ ọ́ kúnná. Àwọn mìíràn sè é láìjinná, inú sì run wọ́n. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń rẹ àgbàdo, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, bí a ṣe ń sẹ́ ògì, ẹ lè rí i pé oúnjẹ nìkan kò tó. Ìmọ̀ tí a fi ń sè é jẹ́ ara oúnjẹ náà.

Nígbà tí ìjọba mìíràn dé ní 1846, wọ́n ní ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà. Wọ́n ní kí àwọn tálákà lọ máa fọ́ òkúta, kí wọ́n máa la ọ̀nà, kí wọ́n tó gba owó. Owó náà kéré, oúnjẹ sì wọ́n. Ebi ti pa ọ̀pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè gbé òkúta mọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oúnjẹ kò tán ní Áyálándì. Ọkà òyìnbó ṣì hù níbẹ̀. Màlúù wà, bọ́tà wà. Lákòókò ìyàn náà, ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó ọkà, bọ́tà àti ẹran láti Áyálándì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ní owó rí oúnjẹ rà. Ẹni tí kò ní owó kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ọkà ń gbà kọjá.

Ní 1847, ìjọba ṣí ilé tí wọ́n ti ń pín ọbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù keje ọdún náà, nǹkan bí 3,000,000 ènìyàn ń jẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ọdún náà kò parí tí wọ́n fi tì í. Ní ọdún kan náà, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ilẹ̀ tó ń ro bá ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá hẹ́kítà lọ kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́. Àgbẹ̀ ní láti yàn: kí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè jẹun lónìí, tàbí kí ó di ilẹ̀ mú kí ebi pa á. Ọ̀pọ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ mìíràn wá wó ilé wọn kí wọ́n má baà lè padà.

Àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ tún wà. Ní 1847, àwọn Choctaw, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, dá owó jọ fún àwọn ará Áyálándì. Ogún ọdún kò tíì pé tí wọ́n lé àwọn Choctaw fúnra wọn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú lójú ọ̀nà. Ẹni tí ebi ti pa rí ló mọ ebi.

Nígbà tí ìyàn náà fi rọlẹ̀ ní nǹkan bí 1852, nǹkan bí 1,000,000 ènìyàn ti kú. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí ara tí ebi ti pa kò lè bá àrùn jà. Ó lé ní 1,000,000 mìíràn tó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn. Ní 1841, àwọn ará Áyálándì lé ní 8,000,000. Ní 1851, wọ́n kù nǹkan bí 6,500,000. Títí di òní, àwọn ènìyàn tó wà ní erékùṣù náà kò tíì tó bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ní 1841.

Kí ni èyí fi kàn wá?

Ọ̀dùnkún òyìnbó wá láti Amẹ́ríkà. Àgbàdo wa àti gbágùúdá wa náà wá láti ibẹ̀. Gígé ni a ń gé gbágùúdá gbìn, bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀dùnkún. Àrùn tó ń ká ewé gbágùúdá kò, tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ funfun àti ìyeyè, igi tí a gé lára èyí tó ń ṣàìsàn ni ó máa ń gbà wọ oko tuntun. Ẹni tó bá gba igi lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ó kọ́kọ́ wo ewé rẹ̀.

Ní ti ẹran, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè Àjàṣẹ́ kò ní gbàgbé ọdún 1997. Ní ọdún náà ni àrùn tí àwọn Faransé ń pè ní peste porcine africaine wọ ilẹ̀ Benin. Ó dé Togo ní ọdún kan náà. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní pípa púpọ̀, kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ ra ẹlẹ́dẹ̀ rí i pé owó náà kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní ewúrẹ́ méjì, adìyẹ àti ẹ̀wà díẹ̀ nínú àpò pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ sunkún, ṣùgbọ́n ó rí ibi dúró.

A kò sọ pé kí ẹ má sin ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ṣẹ àwọn ará Áyálándì. Ọ̀dùnkún pàápàá, ó ti bọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó pa wọ́n ni pé ìdè kan ṣoṣo ló so oúnjẹ, owó àti ilẹ̀ wọn pọ̀. Wọn kò sì fi ọwọ́ ara wọn so ó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn kò tó láti gbin nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń ṣòfin fún wọn kò gbé láàárín wọn.

Àwa tí a ṣì lè yàn, ẹ jẹ́ kí a yàn. Bí ìkórè bá dé, kí ẹ yọ irúgbìn sọ́tọ̀ kí ẹ tó ta ìyókù. Kí irú àgbàdo tàbí iṣu tó wà lóko má jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ẹran ilé má jẹ́ irú kan ṣoṣo. Bí ẹran bá ń kú láìnídìí, kí ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kí ẹ tó ta òkú rẹ̀ tàbí kí ẹ tó sọ ọ́ sígbó, nítorí ibẹ̀ ni àrùn yóò gbà dé ilé ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá sì délẹ̀ ní ìpàdé ìlú, kí ẹ lọ jókòó níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, kí ẹ ka ìwé ilẹ̀ kí ẹ tó tẹ ọwọ́ sí i.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ tó ń kàwé pọ̀

1. Ọ̀nà mélòó ni àwọn àgbẹ̀ Áyálándì máa ń ya ọ̀dùnkún sọ́tọ̀ sí nígbà ìkórè?

2. Àrùn kò pọ̀ ní 1847. Kí ló dé tí oúnjẹ kò fi tó?

3. Oúnjẹ ń jáde kúrò ní Áyálándì nígbà tí ebi ń pa àwọn ènìyàn. Ẹ jíròrò ìdí rẹ̀.

4. Nílé tiyín, bí ohun ọ̀gbìn kan bá kú lọ́dún yìí, kí ni yóò tẹ̀lé e? Kí olúkúlùkù ka ohun tí yóò kù fún un.